Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ tẹ ìka mi fún físà

Aránṣọ Àgríìkì:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kì í sábà kọ nǹkan síbí, tàwọn ẹlòmíì ni mo máa ń kà, màá rẹ́rìn-ín, màá kọjá. Tèmi náà ti wá dé báyìí. Mo fẹ́ rìnrìn àjò lọ sókè òkun, mi ò sì wọ bàálù rí láyé mi. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ló lóyún lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nílé ọkọ. Oṣù kọkànlá ló máa bí. Ìyá wa ti kú, ìyá ọkọ rẹ̀ ò lè rìn mọ́, èmi nìkan ló kù tó lè bá a wẹ ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ò wá jẹ́ kí n rímú mí. Ó ti sọ ọ́ ká gbogbo Ìgbógbó pé mo fẹ́ sá fi àbúrò òun sílẹ̀ ni. Ìṣojú àwọn oníbàárà mi ló ti bi mí pé ta ni yóò máa gbọ́únjẹ fún ọkọ mi. Ọkọ tó jẹ́ pé tí mo bá lọ sọ́jà Sábọ̀ lásán, yóò ti jẹ àmàlà níta kí n tó dé! Aṣọ ẹbí 14 ṣì wà nílẹ̀ tí n ò tíì rán, iná ò sí, epo jẹnẹrétọ̀ ti di wúrà.

Ọmọkùnrin kan tí ọkọ mi mọ̀ ló ń bá wa ṣe ìwé. Ó ti gba 350,000 náírà lọ́wọ́ mi, owó físà fúnra rẹ̀ ò sí nínú ẹ̀. Ó tẹ ìbéèrè àti ìdáhùn sórí ìwé mẹ́rin, ó ní kí n há gbogbo rẹ̀ sórí. Mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, bí mo ṣe ń ránṣọ ni mo ń kà á bí ọmọ ilé kéú. Epo ẹ̀rọ ti kán sórí ìbéèrè kẹfà, mi ò rí ìdáhùn ẹ̀ mọ́. Láti Sátidé ni mo ti ń pe ọmọ yìí, kò gbé e.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kí ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ mọ̀? Kí ni wọ́n máa ń bi èèyàn? Ṣé ìró àti bùbá ni kí n wọ̀ ni àbí gáùn?

Ọmọ Ìpàkodò:
Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá kọ̀wé gígùn bí ọ̀nà Mile 12, ẹ ò dárúkọ ìlú. Òkè òkun wo? Kánádà ni, Lọ́ńdọ̀nù ni, àbí Dubai?

Alhaja Sábọ̀:
Ọmọ mi, ohun àkọ́kọ́ ni yẹ́lò káàdì. Lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kíákíá. Nígbà tí mo ń lọ sí Mẹ́kà, ojú mi rí màbo nítorí káàdì yìí. Obìnrin kan tá a jọ wà lórí ìlà sunkún débi pé ó gbàgbé ṣálúbàtà ẹ̀ sílẹ̀. Má gbọ́ tẹnikẹ́ni, káàdì ni kó o kọ́kọ́ wá.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ o. Káàdì yẹn dára, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń gba abẹ́rẹ́ náà báyìí, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti sọ pé ó wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Àmọ́ ọjọ́ 10 ló gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì tó wúlò. Tó bá jẹ́ Gánà ni wọ́n ń lọ, wọ́n máa béèrè ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìlú Òyìnbó, wọn kì í béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Alhaja Sábọ̀:
Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ wọ bàálù ni àbí èmi? Ká gbà á síbẹ̀ kò sọ wá di onígbèsè.

Aránṣọ Àgríìkì:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Lọ́ńdọ̀nù ni, Thamesmead ni wọ́n ń gbé. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti aṣọ fún mi o. Mo ní léèsì kan tí mo rán fún ọdún iléyá, ó bá mi mu dáadáa.

Abọ̀dé Lọ́ńdọ̀nù:
Àǹtí, léèsì nínú oṣù kọkànlá? Ẹ fi í sínú báàgì fún ọjọ́ ìkómọ. Òtútù ibẹ̀ máa ń wọ egungun. Bó bá fi máa di ìparí oṣù yẹn, agogo 4 ìrọ̀lẹ́ nilẹ̀ ti ń ṣú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé òjò ló fẹ́ rọ̀, mo sáré lọ ká aṣọ. Aago wọn á sì ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa nígbà yẹn.

Ẹ má gbé ẹran lọ o. Èmi gbé ẹran tí ìyá mi yan fún ọjọ́ méjì gbáko, tó gbẹ bí igi. Àwọn aṣọ́bodè kó gbogbo ẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí níwájú mi. Ẹran àti wàrà, wọn ò gbà á láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹja gbígbẹ, wọ́n gbà á, kò ṣáà gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ. Tí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì ọwọ́, ẹ fi ìwé dókítà tì í.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀dè:
Nípa ìbéèrè tí wọ́n ní kí ẹ há sórí yẹn, ó ń yà mí lẹ́nu. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìka, wọn kì í bi èèyàn ní nǹkan gidi kan. Fọ́tò ni wọ́n máa yà, wọ́n á tẹ ìka yín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n á wo ìwé ìrìnnà, ó tán. Inú fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ìbéèrè wà. Kí lẹ kọ síbẹ̀?

Ọmọ Ìpàkodò:
Ẹ̀gbọ́n, ibo ni wọ́n ti máa tẹ ìka yín, Ìkẹjà ni àbí Victoria Island? Tó bá jẹ́ Island ni, ọkọ̀ ojú omi ni kẹ́ ẹ wọ̀ ní Ìpàkodò láàárọ̀ kùtù. Ẹ má ṣe gba Ketu lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ o, ẹ máa débẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti palẹ̀ mọ́. Ẹ wá gbọ́ o, owó tó wà ní àkáǹtì yín ńkọ́, tiyín ni?

Aránṣọ Àgríìkì:
Ìkẹjà ni. Ti òtútù yẹn, mo ti gbọ́, àbúrò mi ní òun ní kóòtù nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún wá láàárọ̀ yìí o, ó jókòó sórí àga oníbàárà láti agogo 8 títí di ọ̀sán, kò ra òwú kan.

Ti owó, ọmọ yẹn bá mi wá mílíọ̀nù 4 fi kún tèmi. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò níbẹ̀, ó sì ti kó o padà. Ó ní bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe ọ̀daràn, mi ò jí owó ẹnikẹ́ni.

Báàbá Fìlà Dúdú:
Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ti ọmọ mi, wọ́n sì fún un ní físà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Báàbá, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan sọdá odò tí kò bómi lọ, kò yẹ kó máa júwe ibẹ̀ fọ́mọ ẹlòmíì. Ìwé báǹkì oṣù bíi mẹ́fà làwọn èèyàn máa ń kó lọ. Tí wọ́n bá rí i pé 60,000, 80,000 ló ń wọlé fún aránṣọ, tí mílíọ̀nù 4 ṣàdédé já lu àkáǹtì bí ẹyẹ àṣá, kí lẹ rò pé wọ́n máa rò? Wọn ò tiẹ̀ dá iye kan pàtó léèyàn pé ó gbọ́dọ̀ ní in. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ìtàn rẹ bá àpò rẹ mu, àti bóyá o máa padà wálé.

Àbúrò wọn ló yẹ kó gbé ìnáwó náà. Kó kọ lẹ́tà, kó fi ìwé owó oṣù rẹ̀ sí i, ìwé báǹkì rẹ̀, àti ìwé tó fi hàn pé òun ń gbé níbẹ̀ lọ́nà òfin. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: mò ń lọ bá àbúrò mi tó fẹ́ bímọ. Ìbẹ̀wò ni, kì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù, kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù 6 lọ.

Báàbá Fìlà Dúdú:
Ṣé èmi ni kò bómi lọ? Tíṣà, ẹ ṣọ́ ẹnu yín o.

Alábòójútó Ẹgbẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Obìnrin yìí ní ọjọ́ méjì péré.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀dè:
Ẹ ò dá mi lóhùn o, àǹtí. Kí lẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù? Ṣé wọ́n ti kọ̀ yín ní físà rí?

Aránṣọ Àgríìkì:
Ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ọdún 2019 ni, nígbà tí àbúrò mi fẹ́ ṣègbéyàwó. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn ò gbà pé màá padà. Ọmọ yẹn ní kò yẹ ká ránnu mọ́ ìyẹn, pé ìwé ìrìnnà tuntun ni mo ní báyìí, wọn ò lè mọ̀.

Ọmọ Ìpàkodò:
Haaa. Ẹ̀gbọ́n!

Abọ̀dé Lọ́ńdọ̀nù:
Ṣé ẹ ní ẹ ò rìnrìn àjò rí?

Aránṣọ Àgríìkì:
Mi ò wọ bàálù rí. Òótọ́ ni mo sọ.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwé ìrìnnà lẹ pààrọ̀, ẹ ò pààrọ̀ ìka. Ìka tí ẹ tẹ̀ fún wọn ní 2019, bẹ́ ẹ bá tún gbé e lé ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ ti tú. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ yín nígbà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n kọ̀, tí wọ́n sọ ọ́ síta nígbà kejì, tí wọ́n sì fún. Irọ́ ni wọn kì í forí jì. Tí wọ́n bá fi í mú yín pé ẹ parọ́, ọdún 10 ni wọ́n fi lè máa dá gbogbo ìwé yín padà. Ọmọ àbúrò yín á ti máa ka ìwé.

Alhaja Sábọ̀:
Ibo ni ọmọkùnrin tó ń ṣe ìwé yẹn ń gbé? Ẹ jẹ́ ká lọ bá a.

Aránṣọ Àgríìkì:
Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi ti rí. Lọ́dún yẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi mí ṣẹ̀sín títí ọdún fi yí. Tí mo bá tún sọ ọ́ síta, tí wọ́n tún kọ̀ mí, ibo ni kí n gbójú sí? Mi ò tiẹ̀ ní fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́, orí ímeèlì ọmọ yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀dè:
Orí ímeèlì tirẹ̀? Àǹtí, ẹ dìde. Ẹ gba fọ́ọ̀mù yẹn lálẹ́ òní. Tí ẹ ò bá tíì tẹ ìka, ẹ lè fagi lé e, wọ́n á dá owó físà padà. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, owó ti lọ, ìwé ti wọlé. Ìtẹ̀ka ni ààlà o.

Báàbá Fìlà Dúdú:
Lórí ti ìka yìí, mo gbà pẹ̀lú Tíṣà. Ti owó nìkan ni mo sọ.

Aránṣọ Àgríìkì:
Ẹ má bínú, òwúrọ̀ Ọjọ́rú la wà yìí, fóònù mi kú lálẹ́ àná. Ọmọ mi ọkùnrin gun ọ̀kadà lọ bá a ní Odògùnyàn. Ó ń sùn. Ọmọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́.

Ọmọ mi ló kà á sí mi létí, èmi ń yí ẹ̀rọ. Wọ́n ní mo ní ilé iṣẹ́ aṣọ tó ní òṣìṣẹ́ 12. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì ni o, ọ̀kan nínú wọn ò tíì lè lẹ kọ́là. Wọ́n ní 900,000 ló ń wọlé fún mi lóṣù. Ọjọ́ ìbí àbúrò mi ni wọ́n kọ sí tèmi. Nígbà tó dé ibi pé ṣé wọ́n ti kọ̀ mí rí, ó dákẹ́. Mo ní kó kà á. Ó ní, "Màámi, rárá ni wọ́n kọ."

Mo wá gbé ìwé olóròóró yẹn sókè síta fún ìmọ́lẹ̀. Ìbéèrè kẹfà gan-an ni.

Alhaja Sábọ̀:
Lá ìlá há! Epo ẹ̀rọ ń ṣe tìẹ, ìwọ ò gbọ́.

Ọmọ Ìpàkodò:
Kí lẹ wá ṣe?

Aránṣọ Àgríìkì:
A ti fagi lé e. Àbúrò mi sunkún lórí fóònù, ó ní kí ló dé tí n ò sọ fún òun látìgbà yìí, pé ìwé báǹkì òun wà ńlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa bá mi kọ tuntun, ọmọ mi á máa wò ó, èmi náà á kà á kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. A máa kọ ti 2019 síbẹ̀. Ọkọ mi ò tíì sọ nǹkan kan. Káàdì ọmọ yẹn ni wọ́n fi sanwó físà àkọ́kọ́, mi ò mọ bí màá ṣe gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá padà dé.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ ṣe é. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sábà ń lò lẹ́yìn ìtẹ̀ka, àsìkò ṣì wà. Tí físà bá jáde, ẹ fi àdírẹ́sì àti nọ́ńbà àbúrò yín sínú báàgì ọwọ́, wọ́n ṣì lè bi yín ní ìbéèrè ní pápákọ̀ òfurufú níbẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ sì ra ìwé adójútòfò fún àìsàn. Àlejò tí wọ́n bá dá dúró sí ilé ìwòsàn ìjọba wọn, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó yẹ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Alhaja Sábọ̀:
Ọmọ náà ńkọ́? Owó 350,000 ńkọ́? Ẹ fún mi ní àdírẹ́sì Odògùnyàn yẹn.

Aránṣọ Àgríìkì:
Alhaja, ẹ jẹ́ kí n parí aṣọ ẹbí yìí ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ṣé wọ́n máa ń gba òrí àti kànrìnkàn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn? Mo fẹ́ fi wẹ ọmọ.

Abọ̀dé Lọ́ńdọ̀nù:
Wọn ò bá mi jà nítorí ẹ̀ rí. Ẹ ṣáà fi ọ̀rá mẹ́ta di òrí yẹn kẹ́ ẹ tó fi í sáàárín aṣọ. Tèmi yọ́ sára gèlè.

Alhaja Sábọ̀:
Kó o sì gba yẹ́lò káàdì o.