Fíìmù wo lẹ wò nílé tí kò tíì kúrò lọ́kàn yín?

Ọmọ Adátán: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Òjò ò jẹ́ kí n jáde látàárọ̀, mo wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu yín: èwo nínú àwọn fíìmù tí ẹ wò nílé ló ṣì ń jà nínú yín? Kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ o, èyí tó ṣe ẹ̀yin gan-an ní nǹkan ni mò ń bèèrè. Tèmi ni Saworoidẹ. Ọdún 1999 ló jáde, kásẹ́ẹ̀tì la fi wò ó nílé bàbá wa. Nígbà yẹn ìlù ni mo ń wò. Ní báyìí àwọn onígẹdú ni ojú mi ń bá lọ, bí owó wọn ṣe ń wọ ààfin tí igbó sì ń tán.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀: Lágàtà, ṣọ́jà tó gbàjọba nínú ẹ̀! Ọjọ́ tí ìlù dún tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, kò sẹ́ni tó jókòó mọ́ nílé wa.

Bọ̀dá Pansẹ́kẹ́: Èdè ló mú un dùn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, kí lẹ tún ń retí? Àwọn tòde òní, òṣèré á sọ Yorùbá kan, á fi Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tì í lẹ́yìn. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Àbẹ̀kẹ́: Ọ̀rọ̀ èdè yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ Ẹdó lọkọ mi, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fíìmù ló ń kà. Wọ́n ki oríkì ọba kan lọ́jọ́ kan, bàbá yẹn ki í títí tí omi fi bọ́ lójú mi. Ọkọ mi bá bi mí pé kí ló dé. Mo wo ìsàlẹ̀, “Kábíyèsí, ẹ kú àbọ̀” nìkan ni wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Inú bí mi.

Bọ̀dá Pansẹ́kẹ́: Ohun tí mò ń wí nìyẹn!

Aláàdìrẹ Ìtòkú: Tèmi ni Ayinla, fíìmù ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà olórin àpàlà, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2021. Torí pé ìlú wa níbí ni wọ́n ti ya fíìmù náà ni mo ṣe pe màámi kí wọ́n wá wò ó lọ́dọ̀ mi. Màámi kì í wo fíìmù, wọ́n ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ àpàlà báyìí, wọ́n gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Orin tí òṣèré ò tíì dé, wọ́n ti dé ibẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Lateef Adédiméjì ni mo ń wò, Anígilájé, ìnagijẹ Àyìnlá, ni àwọn ń pè é, wọ́n ń kí i bí ẹni kí aládùúgbò. Ìgbà tó wá kan ìjà ilé ọtí tó gba ẹ̀mí ẹ̀, wọ́n ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, “Màámi, ó kù díẹ̀ kó parí.” Wọ́n ní àwọn mọ bó ṣe parí. Wọ́n ní àwọn pàtẹ lọ́jọ́ tí ìròyìn dé ọjà, pé ńṣe làwọn di aṣọ padà sínú ẹrù láì tíì tà. Wọ́n kọjú sógiri títí tí mo fi pa á. Èmi náà ò tíì wo ìparí ẹ̀ dòní.

Ọmọ Ìtokò: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mú ẹkún wá o. Ọmọ àdúgbò wa lẹ̀ ń sọ yẹn. 6 oṣù Karùn-ún 1980. Ìjà lórí alùpùpù, òun àti mánija ẹ̀ àtijọ́, ife ọtí ni onítọ̀hún fi gbá a lórí. Bàbá àgbà mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣàwàdà nílé wa. Ìgbà tí èmi wo fíìmù náà, mo mọ̀ pé yóò kú, síbẹ̀ mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá mi pé kó jọ̀ọ́, kó má dìde.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀: “Kó má dìde.” Háà.

Fẹ́mi Aṣẹ́rò: Èmi náà sọ ọ́! Ìyàwó mi ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ FUNAAB: Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, ṣé dandan ni kí wọ́n fi ikú yẹn hàn ni? Ẹbí ẹ̀ ṣì wà nílùú yìí.

Ọmọ Ìtokò: Dandan ni. Bí wọn ò bá fi hàn, kí lẹ̀yin tí wọn ò tíì bí máa mọ̀?

Bọ̀dá Pansẹ́kẹ́: Ikú kọ́ ló dùn mí. Obìnrin àti ìjà ló gba ààyè jù. Ọkùnrin tó kọrin owó Udoji, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn, tó kọrin ìkànìyàn! Ẹni tí kò mọ̀wé ń tinú orin ẹ̀ mọ ohun tí ìjọba ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n dúró sí.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀: Bọ̀dá, ṣé irọ́ ni pé ó fẹ́ràn obìnrin?

Bọ̀dá Pansẹ́kẹ́: N ò ní irọ́ ni. Mo ní ó pọ̀ jù.

Àbẹ̀kẹ́: Àwọn obìnrin yẹn náà níṣẹ́ tí wọ́n ṣe láyé ẹ̀ o, ẹ má fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn.

Fẹ́mi Aṣẹ́rò: Wọ́n ti múná lọ. Mò ń bọ̀.

Ọmọ FUNAAB: Tèmi ni Lisabi: The Uprising, 2024, ìtàn Lísàbí tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. A dáwó dátà, a kó ara wa jọ sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹni tó wà lẹ́yìn ń nàgà. Ó wú wa lórí. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá tí n ò rí ni Olúmọ. Fíìmù ọmọ Ẹ̀gbá láìsí Olúmọ?

Àgbà Aké: Ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe máa rí Olúmọ níbẹ̀? Ayé Lísàbí, a ò tíì dé ìdí àpáta. Inú igbó Ẹ̀gbá là ń gbé, lábẹ́ Ọ̀yọ́, tí àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́, ń wá gbowó òde lọ́wọ́ wa tí wọ́n sì ń fi wá ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ọdún 1830 la tẹ Abẹ́òkúta dó, Ṣódẹkẹ́ ló kó wa wá. Lísàbí ti lọ tipẹ́. Ibi tí fíìmù yẹn ti tẹ́ mi lọ́rùn ni àáró. Oko ni Lísàbí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń bá ara wọn roko, àwọn náà ló sọ di ọmọ ogun láì jẹ́ kí Ọ̀yọ́ fura.

Ọmọ FUNAAB: Ẹ ṣeun, sà. N ò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Fẹ́mi Aṣẹ́rò: Iná ti dé. Ṣé àáró àti ọ̀wẹ̀ kọ́ ni nǹkan kan náà?

Àgbà Aké: Rárá o! Ọ̀wẹ̀, o pe èèyàn, wọ́n ṣe é fún ẹ, o fún wọn lóúnjẹ, ó parí. Àáró, bí mo bá ro tìrẹ lónìí, gbèsè ni, o máa wá ro tèmi. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, ojú á tì í láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Bí àjọ.

Àgbà Aké: O káre.

Bọ̀dá Pansẹ́kẹ́: Àmọ́ kí ló dé tí wọ́n fi dá a dúró láàárín? Apá kejì di 2025 kó tó jáde. Bí mo bá jókòó wo fíìmù lálẹ́, mo fẹ́ mọ bó ṣe parí kí n tó sùn.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀: Ìparí Lísàbí kẹ̀? Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ilẹ̀ ló là, ó sì wọlẹ̀.

Ọmọ Ìtokò: Àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn ló pa á, ìyá. Ìlara. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣe fún wọn.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀: Ilẹ̀ ló wọ̀ o. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nílé nìyẹn.

Àgbà Aké: Níbo nilé yín? Torí Ìgbẹ̀ìn lèmi ti jáde wá o, ibẹ̀ ni Lísàbí gbé.