Èsì lórí "ajílẹ̀ ọpọlọ": mo fara mọ́ "tọ́"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjíròrò wa lórí bí a ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ọpọlọ ní Yorùbá ni mo ń dá sí.

Ìyá wa nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ní Ṣágámù ló dábàá "ajílẹ̀ ọpọlọ" fún àwọn èròjà bíi BDNF, èyí tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wà láàyè, kó yọ ẹ̀ka, kí àsopọ̀ àárín òun àti èkejì sì le dáadáa. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìpérù gbà á, àmọ́ wọ́n ní ká fi "àbùdá" rọ́pò "jíìnì", ìyẹn ìlànà inú DNA tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú, mi ò lè fọwọ́ sí méjèèjì.

Ajílẹ̀ dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló ń gbé e wá láti ìta. Iṣu ò ṣe nǹkan kan kó tó rí i gbà. Ti ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni BDNF ti ń wá, iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ló sì ń pè é jáde. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń ránṣẹ́ sí èkejì, á tú glutamate, èròjà tó ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, sí àlàfo tó wà láàárín wọn. Ilẹ̀kùn á ṣí lára èkejì, kálísíọ́mù á rọ́ wọlé, ìròyìn á dé kóró sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA wà, fọ́sífétì á lẹ̀ mọ́ purotéènì kan tó ń jẹ́ CREB, ìgbà náà ni jíìnì BDNF á gbéra sọ. Iṣẹ́ ló ṣáájú, èròjà ló tẹ̀ lé e. "Ajílẹ̀" yí i po: ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé nǹkan tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ni. "Amúnidàgbà" tí ẹnì kan mẹ́nu bà náà ò yàtọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ló jọ létí mi.

"Atọ́sẹ́ẹ̀lì" ni tèmi. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ ń bọ́ ọ, kò jẹ́ kó kú, ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Rita Levi-Montalcini, tí òun àti Stanley Cohen jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, rí i nínú ọmọ adìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin pé àwọn fọ́nrán iṣan tó ń gbé ìròyìn ń ya lọ sínú kókó ara eku tí wọ́n lọ́ sí i lára. Èròjà tí kókó yẹn ń tú jáde ló ń fà wọ́n, òun la wá mọ̀ sí NGF. BDNF tí Yves-Alain Barde àti Hans Thoenen yọ láti inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ní Jámánì ní 1982, ìdílé kan náà ni. Tí a bá pè é ní ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà yẹn ti bọ́ sọnù.

Ó ku ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì ń ṣe sí jíìnì. "Ta jíìnì jí" wù mí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn tó yẹ hippocampus eku wò, ìyẹn apá ọpọlọ tó wà fún ìrántí, rí i pé glutamate ń mú iṣẹ́ jíìnì BDNF àti ti NGF gòkè, GABA, èròjà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì rọlẹ̀, sì ń mú un wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gba gòkè-sọ̀kalẹ̀ la ń wá, "darí" sì gbà á. "Ṣàkóso" ti jọ ti ìjọba jù.

Ní ti àbùdá, Ẹ̀gbọ́n, ohun tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ni là ń pè bẹ́ẹ̀ níbí, kì í lọ kì í bọ̀. Ẹ ò lè sọ fún ará Ìjẹ̀bú pé àbùdá rẹ̀ sùn lánàá, ó jí láàárọ̀ yìí. Jíìnì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò rèé: "Iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì iṣan ń ṣe ló ń darí jíìnì àwọn atọ́sẹ́ẹ̀lì nínú ọpọlọ." "Iṣan" yẹn ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti èyí tó ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀ náà ń jẹ́ iṣan. Ìyá wa, ẹ bá mi kà á sí àwọn ọmọ yín létí ní Ṣágámù láìṣàlàyé, kí ẹ sì kọ èyí tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́ sí wa.