Ìrírí wa nínú ìwádìí ìṣègùn lórí iṣẹ́ abẹ ọmú

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀pọ̀ wa ló ti sọ̀rọ̀ nípa àìsàn jẹjẹrẹ ọmú yìí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí tí wọ́n máa ń pè wá sí nígbà tí a bá wà lẹ́nu ìtọ́jú. Mo fẹ́ sọ tèmi, nítorí mo mọ̀ pé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹnì kan wà níbì kan tí ìwé ìfọwọ́sí wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí àyà rẹ̀ sì ń já. Ẹni tó bá ní ìrírí tirẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ fi kún un.

Ọmú òsì ni wọ́n ti bá àrùn jẹjẹrẹ lára mi. Kókó náà kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì, skáànù kò sì rí ohun tó burú ní abíyá. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní òun yóò yọ kókó náà pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹran tó yí i ká, ọmú yóò wà níbẹ̀, ìtọ́jú onítànṣán yóò sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ abíyá ló wá kù. Ó ṣàlàyé pé àwọn kókó kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí omi ara máa ń gbà kọjá, pé ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí bí ó bá fẹ́ tàn, àti pé ìwádìí kan ń lọ lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ó tọ́ kí a máa yọ lára wọn wò nínú obìnrin tí ọ̀ràn rẹ̀ rí bíi tèmi, tàbí kí a fi abíyá sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án rárá. Mo ní, “Dókítà, èwo ló dára jù nínú méjèèjì?” Ó ní, “Mà, a kò tíì mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a ti mọ̀ ni, n kì bá tí pè yín sí ìwádìí kankan.”

N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu dókítà rí. Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fárí gá pé wọ́n fẹ́ fi ara mi dánra wò ni, pé kí n ní kí wọ́n ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ tó bá wà nílẹ̀, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí iṣẹ́ abẹ bá ṣe pọ̀ tó ni ìtọ́jú ṣe dájú tó. Ohun tí mo kà nípa àwọn obìnrin tó ti ṣáájú wa ni kò jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, William Halsted, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, gbé irú iṣẹ́ abẹ kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń gé gbogbo ọmú, iṣan àyà tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn kókó abíyá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Títí di nǹkan bí 1970, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀pọ̀ obìnrin nìyẹn. Àyà a jin wọnú, apá a wú, gbígbé ọwọ́ sókè a di ìṣòro. Kì í ṣe ìkà ló mú wọn ṣe é. Wọ́n gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé bí àwọn bá ṣe gé tó ni ẹ̀mí ṣe máa gùn tó. Ní 1971, Bernard Fisher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní B-04. Obìnrin tó lé ní 1,600 ló kópa nínú rẹ̀, wọ́n sì ń bójú tó wọn fún ọdún 25. Àwọn tí wọ́n gé iṣan àyà wọn kò pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn kò gé tiwọn lọ.

Ìwádìí tó tẹ̀ lé e, B-06, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ló wá béèrè bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí a gé ọmú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 20, iye àwọn tó wà láàyè kò yàtọ̀, ìbáà jẹ́ ọmú ni wọ́n gé tàbí kókó nìkan ni wọ́n yọ. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé àrùn náà padà sínú ọmú kan náà lára nǹkan bí 39 nínú 100 àwọn tí wọ́n yọ kókó fún láìsí ìtànṣán, ṣùgbọ́n lára àwọn tí wọ́n fún ní ìtànṣán, nǹkan bí 14 nínú 100 ni. Umberto Veronesi ní Milan, ní Ítálì, ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú obìnrin 701, ẹ̀mí àwọn tí ọmú wọn ṣẹ́kù kò sì kúrú ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ọmú mi ṣe wà lára mi lónìí, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni. Wọ́n gbà kí kèké mú wọn ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ dókítà ń sọ pé ẹni tí kò bá gé gbogbo rẹ̀ ń fi ẹ̀mí aláìsàn wewu.

Mo fọwọ́ sí ìwé. Kọ̀ǹpútà ló pín wa sí apá méjì. Èmi kò yàn, dókítà náà kò sì yàn. Mo béèrè ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ìwádìí sì dá mi lóhùn pé bí ó bá jẹ́ pé dókítà ló ń yàn, láìmọ̀ọ́mọ̀ ni yóò máa ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún àwọn tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀, tí a óò wá máa rò pé iṣẹ́ abẹ kékeré ló mú wọn yè.

Apá tí wọ́n ti ń yọ kókó abíyá wò ni mo bọ́ sí. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ aró búlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmú, kí aró náà lè bá omi ara ṣàn títí dé kókó tó kọ́kọ́ ń gba omi láti inú ọmú, kí dókítà sì lè fi ojú rí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín bí ẹ bá tọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí ìtọ̀ yín rí bí omi aró. Tèmi dàbí ewé tí wọ́n pò mọ́ búlúù, ó sì mọ́ láìpẹ́. Awọ ara tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ni búlúù rẹ̀ pẹ́ gan-an kó tó parẹ́. Wọn kò rí jẹjẹrẹ nínú àwọn kókó tí wọ́n yọ.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbàkígbà tí mo bá lọ, nọ́ọ̀sì á fi báírò sàmì sí apá mi láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè, á wá fi téèpù wọn ibi àmì kọ̀ọ̀kan, á sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí apá kejì kí ó lè fi wé e. Á béèrè bóyá mo lè na ọwọ́ sẹ́yìn láti de kọ́mú. Á béèrè bóyá mo ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Láàrin abíyá àti ìgbúnwọ́, lápá inú, ibì kan wà tí n kì í mọ̀ bí nǹkan bá kàn án, ìyẹn náà sì wọ ìwé. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe ikú àti ìyè nìkan ni wọ́n ń kà.

Ní 2023, èsì irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní SOUND jáde, àwọn ará Milan ló darí rẹ̀. Fún obìnrin tí kókó rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, tí skáànù abíyá rẹ̀ sì mọ́, àwọn tí wọn kò fọwọ́ kan abíyá wọn kò ní ìfàsẹ́yìn ju àwọn yòókù lọ lẹ́yìn ọdún 5. Ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí n má nílò ọgbẹ́ abíyá mi. Kò dùn mí. Bí kò bá sí àwọn tó bọ́ sí apá tèmi, kò sí ohun tí wọn ì bá fi wé àwọn tó bọ́ sí apá kejì.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí

Ẹ kú àlàyé, mà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti ènìyàn pẹ̀lú ìwé ìfọwọ́sí, nítorí náà mo fẹ́ sọ ohun tí mo ń rí láti ìhà kejì tábìlì.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín sọ nípa dídánra wò, mo ń gbọ́ ọ léraléra, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀, nítorí ó ní ìtàn. Láti 1932 títí di 1972, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ń wo àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ tó ní àrùn ìbálòpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní sífílísì ní Tuskegee, ní Alabama, wọn kò sọ òótọ́ àìsàn náà fún wọn, wọn kò sì fún wọn ní penicillin nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé òun ló ń wò ó sàn. Ẹni tó bá mọ ìyẹn tí kò bẹ̀rù ni yóò yà mí lẹ́nu. Nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ìlànà Nuremberg ti 1947 àti ìkéde Helsinki ti 1964, tí ń dáàbò bo ẹni tí a ń ṣe ìwádìí lára rẹ̀, fi wà, òun náà ló fà á tí ìgbìmọ̀ kan tí kò sí lára àwọn olùwádìí fi gbọ́dọ̀ yẹ ètò ìwádìí wò kí a tó pe aláìsàn kan ṣoṣo.

Nínú ìwé ìfọwọ́sí, ibi tí mo máa ń dúró sí jù ni ibi tí ó ti sọ pé ẹ lè kúrò nígbàkigbà láìsọ ìdí. Aláìsàn kan fọwọ́ sí i lọ́sàn-án, ó pè mí lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pé òun kò lè sùn, òun kò ṣe mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, dókítà kan náà ló sì ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ti dá fún un tẹ́lẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn, ilé ìwòsàn tó bá sì ń bínú sí ẹni tó kọ̀, kò yẹ kí ó máa ṣe ìwádìí.

Ìwádìí iṣẹ́ abẹ tún ní ìṣòro tirẹ̀ tí ti oògùn kò ní. A lè fún ẹnì kan ní oògùn gidi, kí a fún èkejì ní ohun tó jọ ọ́, kí àwọn méjèèjì má mọ̀. Ọgbẹ́ kò ṣeé fi pamọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹlòmíràn tí kò mọ apá tí ènìyàn bọ́ sí la sábà máa ń wá láti wo àwòrán tàbí láti yẹ ẹran ara wò lábẹ́ awò amúǹkantóbi, kí ìfẹ́ inú má bàa yí ìdájọ́ rẹ̀.

Ẹ sọ̀rọ̀ B-06, mà. Mo fẹ́ kí àwọn ará mọ̀ pé dókítà kan ní Montreal, ní Kánádà, parọ́ nínú àkọsílẹ̀ díẹ̀ lára àwọn aláìsàn tó fi sínú ìwádìí náà, ọ̀rọ̀ náà sì di gbangba ní 1994. Ìpayà ńlá ni ó jẹ́ fún àwọn obìnrin tó ti gbẹ́kẹ̀ lé èsì yẹn. Wọ́n yọ gbogbo aláìsàn rẹ̀ kúrò, wọ́n tún ìṣirò ṣe, èsì náà kò yí padà. Nítorí èyí ni mo ṣe le koko lórí àkọsílẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ṣi ọjọ́ kan kọ, ìlà kan ni mo fi ń fa á, kí ohun tí mo kọ́kọ́ kọ lè ṣeé kà síbẹ̀, mo sì ń buwọ́ lù ú.

Ọkùnrin kan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fàyè gba èmi náà. Ọkùnrin ni mí, mo sì ní jẹjẹrẹ ọmú. Nínú 100 ẹni tó ní in, nǹkan bí ẹnì kan ni ó jẹ́ ọkùnrin. Wọ́n gé tèmi pátápátá, wọ́n fi rọ́bà tí ń fa omi sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì ń gbé ìgò kékeré rẹ̀ kiri lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí mo béèrè bóyá mo lè kópa nínú ìwádìí, wọ́n ní obìnrin nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹ wo gbogbo ìwádìí jẹjẹrẹ ọmú tí ẹ dárúkọ: obìnrin nìkan ló wà nínú wọn. Mo mọ̀ pé a kò pọ̀, ó sì ṣòro láti rí iye tí wọn yóò fi ṣe ìṣirò tó ṣe é gbára lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà mi bá sọ pé báyìí la ṣe ń tọ́jú ọkùnrin, ohun tí wọ́n rí lára obìnrin ló ń yá lò fún mi. Ó dùn mí pé n kò lè fi tèmi sílẹ̀ fún ọkùnrin tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àbúrò aláìsàn kan

Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ láti kópa, ó sì ní ìdí. Ilé ìwòsàn jìnnà sí i, ìwádìí náà sì fẹ́ kí ó máa wá lọ́pọ̀ ìgbà ju ti ìtọ́jú nìkan lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i, kí ó béèrè èwo nínú àyẹ̀wò wọ̀nyẹn ni ti ìtọ́jú, èwo ni ti ìwádìí, ta ni yóò san owó ọkọ̀, ta ni yóò sì tọ́jú rẹ̀ bí ìpalára bá ti inú ìwádìí wá. Ìwé náà gbọ́dọ̀ dáhùn wọn. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn ti owó ọkọ̀.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò, òótọ́ lẹ sọ. Èmi náà béèrè ti ìpalára, wọ́n sì fi ojú ewé tó wà hàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọ̀rọ̀ yín kò kúrò lọ́kàn mi. Ojú òpó ClinicalTrials.gov wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2000, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń fi orúkọ sílẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tó ń sọ irú ẹni tí wọ́n ń gbà, títí kan bóyá ọkùnrin lè kópa. Bí ẹ bá rí èyí tó gba ọkùnrin, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ mú un tọ dókítà yín lọ.