Igi atọ́ka àti igi akóèérípamọ́: orúkọ kan kò lè tó wọn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Àwọn kan dábàá "igi aṣòfófó" fún igi igbó tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ìlú ńlá ṣe bàjẹ́ tó. Àwọn mìíràn ní "igi atọ́ka" ló yẹ. Èmi kò fara mọ́ "aṣòfófó" rárá. Èébú ni. Aṣòfófó máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, igi kì í bù mọ́ ọn.

"Atọ́ka" dára, àmọ́ kò lè dá ẹrù yìí gbé, torí iṣẹ́ méjì ni àwọn igi wọ̀nyí ń ṣe. Ojú lásán lè rí ọ̀kan. Bí èéfín imí-ọjọ́ bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ewé igi páìnì á máa pọ́n láti ṣóńṣó wá, á sì rẹ̀ dànù kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Àìsàn igi ló ń tọ́ka. Bẹ́ẹ̀ náà ni láíkìn, ohun abẹ̀mí pẹlẹbẹ tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Ní 1866, William Nylander, onímọ̀ nípa láíkìn, rí i pé àwọn láíkìn kan wà nínú ọgbà Luxembourg ní Paris tí kò sí ní apá ìlú yòókù, ó sì ní a lè fi wọ́n mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó.

Èkejì yàtọ̀ pátápátá. Igi lè dúró sẹ́bàá títì, kí ewé rẹ̀ máa dán yọ̀yọ̀, síbẹ̀ kí òjé ti jókòó sínú èèpo rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń po òjé mọ́ epo ọkọ̀. Èèpo ṣe pàtàkì níbí: gbòǹgbò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé òjé inú ilẹ̀ dé ojú rẹ̀, nítorí náà inú afẹ́fẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ti wá. Àfi kí wọ́n gé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tó mọ̀. Irú igi yìí ni mo pè ní "akóèérípamọ́".

Ẹnìkan lè ní òun náà ń tọ́ka lẹ́yìn àyẹ̀wò. Rárá o, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ló tọ́ka. Ohun tí igi fúnra rẹ̀ ń ṣe ni mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ sọ. Bí igi kan bá ń ṣe méjèèjì, kí a pè é ní atọ́ka níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ewé rẹ̀ tó pọ́n, ká sì pè é ní akóèérípamọ́ níbi tí a ti ń ka ìwọ̀n òjé inú èèpo rẹ̀.