Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó sí wàhálà: báwo la ṣe ń mọ ilé ìtọ́sọ́nà tó dára?

Àǹtí Gáà Àkànbí:
Ẹ salámù alékun, ẹ̀yin ará mi. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé ló ń gbé lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 15. Ọmọ tó mọ̀wé ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń sá kúrò ní kíláàsì, ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ sì ti wọ̀ ọ́ lára. Lọ́sẹ̀ tó lọ, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jí fóònù méjì níbi tí wọ́n ti ń bá aráàlú ṣájì fóònù. Wọ́n rí ọ̀kan gbà padà, wọ́n ti ta èkejì. Ọlọ́pàá mú wọn, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò pè mí láti tésàn, aládùúgbò kan ló sáré wá sọ fún mi. Nígbà tí mo débẹ̀, àárín àwọn géńdé ni mo ti bá a nínú sẹ́ẹ̀lì, ó ká orúnkún mọ́ àyà, kò lè wojú mi. Mo ti gba béèlì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ò tíì parí.

Ẹbí ti jókòó lé e lórí. Mógàjí ilé wa ní ká fà á lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ lẹ́yìn ìlú, tó ní ilé tí wọ́n ti ń tún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Borstal, ilé ìjọba fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ sófin, èyí tó wà ní Gánmọ̀, ló yẹ ẹ́. Mo ti lọ wo ilé àkọ́kọ́ yẹn. Ọ́fíìsì wọn dára, wọ́n sì gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n mú mi dé ibi táwọn ọmọ ń sùn, wọ́n ní kò sáyè. Wọ́n tún ní a ò ní fojú kan ọmọ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, ọmọkùnrin kan tó gbé garawa omi ń kọjá lọ, ó kí mi. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó yíká, ojú ọgbẹ́ náà ṣì tutù.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni èèyàn ń wò lára ibi tó dára? Àbí ọ̀nà wà tí ọmọ ò fi ní kúrò nílé rárá? Mógàjí ń retí èsì mi, mi ò sì fẹ́ já àgbà ní koro láìní ohun tí mo máa fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Bàbá Ọ̀fà:
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Kí ẹ tó náwó síbì kankan, ẹ wá ẹni tó máa mú un wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkè-Kúrá. Kí àwọn tó wà níbẹ̀ jágbe mọ́ ọn, kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí olè jíjà ń gbéni dé. Bí ẹ̀rù bá bà á, á jáwọ́.

Ìyá Àgbà Ọmù-Àrán:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ronú bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n rí nídìí ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ẹ̀wọ̀n Rahway ní New Jersey kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lè dẹ́rù bà wọ́n, àwọn ibòmíì sì ṣe bíi tiwọn. Nígbà táwọn olùwádìí fi àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ wé àwọn tí wọn ò kó lọ, àwọn tí wọ́n kó lọ gan-an ló tún ṣẹ̀ jù. Ẹ má mú un débẹ̀.

Àǹtí, iṣẹ́ wẹ́lífíà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tésàn yẹn lòdì sófin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Kwara náà ti sọ di tirẹ̀, sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ọmọdé ni. Tí wọ́n bá mú ọmọdé, ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n sọ fún òbí tàbí alágbàtọ́. Àtìmọ́lé gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun ìkẹyìn, kó sì jẹ́ fún àkókò tó kúrú jù lọ. Wọn ò sì gbọdọ̀ rán ọmọdé lọ sẹ́wọ̀n, wọn ò gbọdọ̀ nà án lẹ́gba.

Èyí tó kàn yín jù rèé. Òfin yẹn fún ọlọ́pàá lágbára láti parí ẹjọ́ ọmọdé láìdé kóòtù, tí ẹ̀ṣẹ̀ náà kò bá wúwo. Wọ́n lè ní kí ẹnì kan máa mójú tó o, kó san ohun tó jí, kó tu ẹni tó ṣẹ̀ nínú. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n máa ń wò ni bóyá ẹbí, àdúgbò tàbí ilé ìwé ti ṣe ohun tó yẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, ìpàdé ilé yín wúlò gan-an. Ẹ wá òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà kan, ẹ jọ lọ bá DPO, ọ̀gá tésàn ọlọ́pàá yẹn, àti oní-ṣájì.

Ní ti Borstal: mẹ́ta péré ni ti ìjọba àpapọ̀, Kàdúná, Abẹ́òkúta àti ti Gánmọ̀ wa. Òfin tó dá a sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 16 sí ẹni tí kò tíì pé 21 ló wà fún, kóòtù ló sì ń rán ọmọ lọ, ó lè tó ọdún mẹ́ta. Ọmọ yín ò tíì tó ọjọ́ orí yẹn. Fóònù méjì ò sì yẹ kó gbé ọmọ dé ibẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ọdẹ:
Ọrùn ẹsẹ̀ tó bó yíká? Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nìyẹn! Ṣé ẹ ti gbàgbé ọdún 2019 ni? Rigasa ní Kàdúná, àwọn ọmọkùnrin àti ọkùnrin tó lé ní 300 ni ọlọ́pàá tú sílẹ̀ nínú ilé kan, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nínú ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún bá irú ẹ̀ ní Ojoo ní Ìbàdàn. Àwọn ẹbí ló fi ọwọ́ ara wọn mú wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ilé yẹn fún àwọn wẹ́lífíà, nítorí ọmọ tó gbé garawa yẹn náà.

Ọ̀gá Jórinmọ́rin, Àjàṣẹ́:
Mò ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ irin ní ilé ìtọ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa wò tó bá jẹ́ ọmọ tèmi.

Ẹ má dúró ní ọ́fíìsì. Ẹ wo ibi ìsùn, ẹ wo ilé ìtọ̀, ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ tọ̀sán. Ibi tí wọ́n bá ti ní kò sáyè, ẹ yí padà. Ẹ wo ojú àwọn ọmọ nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wọlé. Tí wọ́n bá ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lọ, tí wọ́n ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn dára. Tí gbogbo wọn bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ẹ bi wọ́n pé: tí ọmọ bá ṣẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe? Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìlànà kan ní ọdún 1990 lórí àwọn ọmọ tó wà ní àhámọ́. Ó ka lílu ọmọ léèwọ̀, àti yàrá òkùnkùn, àti títì í mọ́lé ní òun nìkan, àti dídín oúnjẹ rẹ̀ kù, àti dídènà ẹbí rẹ̀. Ìlànà yẹn kan náà ní ó yẹ kí ẹbí lè wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n sọ fún yín, àmì burúkú ni.

Mo ní ọmọ kan tó ń retí ìpè ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ kan, fóònù ìyá ò lọ. Lọ́jọ́ kejì ó fi ìbínú jó férémù wíńdò kan lu. Ọ̀gá wa ò gbé pàṣán. Ó mú un jókòó, wọ́n jọ pe ìyá náà títí ó fi gbé e. Ọmọ náà ló tún férémù yẹn ṣe fúnra rẹ̀.

Ẹ tún béèrè bí wọ́n bá ń gba ìdánwò, kí ni wọ́n ń kọ sára ìwé ẹ̀rí. Ìlànà yẹn ní kò gbọdọ̀ hàn lára rẹ̀ rárá pé ọmọ náà ti gbé àhámọ́ rí. Kékeré kọ́ lèyí, nítorí ìwé yẹn ló máa fi wáṣẹ́. Kí ẹ sì bi wọ́n pé ta ló ń tẹ̀lé ọmọ lẹ́yìn tó bá padà sílé. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé tó dára pàápàá ti ń kùnà.

Ọmọ Ìgbómìnà lókè òkun:
Mo fara mọ́ Ọ̀gá. Ní Missouri ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ilé ńlá tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ sí ní Boonville pa ní ọdún 1983, wọ́n pín àwọn ọmọ sí ilé kéékèèké tí kò jìnnà sí ẹbí wọn, nǹkan bí ọmọ mẹ́wàá sí méjìlá nínú ẹgbẹ́ kan. Ní New Zealand, òfin ọdún 1989 ní kí ẹbí, ọmọ, ẹni tí ọmọ náà ṣẹ̀ àti ọlọ́pàá jókòó, kí wọ́n jọ pinnu ohun tí ọmọ máa ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn Maori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n ti rí i kọ́. Ẹ sọ èyí fún Mógàjí, torí ohun tó ti ń ṣe láàárín agboolé nìyẹn. Kó wá ṣe é lójú oní-ṣájì.

Àǹtí Gáà Àkànbí:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á tọ́jú ọmọ yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Mógàjí. Ọ̀rọ̀ Borstal ti kúrò nílẹ̀. Ti ilé ẹ̀yìn ìlú, kò fọwọ́ sí i pé wọ́n burú, àmọ́ ó gbà pé òun á kọ́kọ́ bá wa lọ sí tésàn. Òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà ti bá wa débẹ̀, mo sì ti sọ nípa ọmọ tí mo rí. Oní-ṣájì ní tí a bá san owó fóònù tó sọnù, tí ọmọ náà sì wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, òun ò ní gbé e dé kóòtù. Ó tún ní kó máa wá bá òun gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé fúngbà díẹ̀. Ọmọ náà gbà, ó sunkún. Kí ló kù tí mo máa ṣe?

Ìyá Àgbà Ọmù-Àrán:
Alhamdulillah. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀ ní tésàn, kí oní-ṣájì fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹjọ́ ti parí, kí ẹ gba ẹ̀dà tiyín. Kí Sátidé yẹn ní ọjọ́ tó máa parí, ẹ má jẹ́ kó di iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ bá tíṣà kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ mú ọmọ dání.