Àbíkẹ́ kọ́, Àṣàkẹ́ ni

Ìyá Àṣàkẹ́, Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń tì mí lójú jù. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti wà nílé ọkọ láìlóyún, obìnrin kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní kí n lọ rán aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, kí n máa di tìmùtìmù mọ́kùn, kí n sì máa fi kún un lóṣooṣù. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, kí n wá sùn lọ́dọ̀ àwọn fún ọjọ́ méjì, n óò gbé ọmọ jáde, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ó dá iye. Owó náà tó ra ọkọ̀.

Ẹ má rò pé mo sá o. Mo lọ ra tìmùtìmù. Mo dì í níwájú dígí, mo fọwọ́ ti ẹ̀yìn bí àwọn aboyún ti í ṣe, mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe òfin ló dẹ́rù bà mí. Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni. Kí ni mo fẹ́ wí níwájú pẹpẹ? Pé Olúwa, O ṣeun tí O ṣí inú mi, nígbà tí èmi àti Òun jọ mọ̀ pé tìmùtìmù ni?

Ààwẹ̀ ni mo ti ń gbà láti ẹ̀yìn wá. Mo ti dé Ìkejì-Arákejì, níbi tí ìpè Ọlọ́run ti bá Àpọ́sítélì Babalọlá lẹ́nu iṣẹ́ títì ní 1928, mo pọn omi bọ̀ wálé. Áńgílíkà ni mí o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ọmọ kì í béèrè orúkọ ìjọ. Gbogbo ibi tí mo dé, Hánà ni wọ́n fi ń tù mí nínú. Kò sẹ́ni tó fi ọmọbìnrin Fáráò tù mí nínú rí, obìnrin tó rí ọmọ ọlọ́mọ lójú odò tó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Èmi ni mo ka ìyẹn fúnra mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Mo jí ọkọ mi. Ó ní òun ti ń rò ó láti ọdún tó kọjá, òun kàn ń bẹ̀rù ojú mi ni.

Ọ́fíìsì wẹ́fíà la gbà lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní kí ẹni tó máa gba ọmọ ti pé ọdún 25 ó kéré tán, kó sì fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ. Èmi ti lé ní 40, ìyẹn kò dí wa lọ́wọ́. Wọ́n gba ìwé ìgbéyàwó, ìwé dókítà, ìwé owó oṣù. Màmá wẹ́fíà kan já wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, ó ṣí kànga wò, ó ní ká lọ wá kọ́kọ́rọ́ sí ìdérí rẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. (Ọmọ yẹn gun orí kànga lẹ́ẹ̀mejì kó tó pé ọdún mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló gbà wá.) Oṣù mẹ́ta gbáko ló lò lọ́dọ̀ wa kí kóòtù tó fọwọ́ sí i. Tí ọkọ̀ bá ti dúró lẹ́nu géètì báyìí, àyà mi á já, mo rò pé wọ́n wá gbà á ni.

Ìyá ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà mọ ìdákẹ́ ìyá ọkọ. Lọ́sẹ̀ kejì tí ọmọ dé, ó yọ sí wa láti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìgò àdín àti kànìnkànìn tuntun. Ó ní kí n gbé omi gbígbóná wá. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọmọ oṣù márùn-ún lé e, ó wẹ̀ ẹ́, ó fi àdín ra á, ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ó jù ú sókè. Ọmọ ń ké bí ẹni pé wọ́n ń pa á. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: “Rọra, Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ mi, rọra.”

Mo ní, “Màámi, ẹ ti fún un lóríkì?”

Kò gbójú sókè. “Kí n wá pè é ní Àbíkẹ́ ni? Ìwọ kọ́ lo bí i. A ṣà á ni, a ó sì kẹ́ ẹ. Gbé aṣọ wá jàre, òtútù ń mú ọmọ mi.”

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, àlùfáà wa fi pẹ́ńsùlù fa ilà sí ibi tí ìwé ìsìn ti ń sọ̀rọ̀ ìrora ìbímọ, ó ní ká fò ó. Róòmù 8 ló kà, níbi tí wọ́n ti ní gbogbo wa ló gba ẹ̀mí ìsọdọmọ. Àwọn ìyá ìjọ jó. Àwọn méjì kan kò jó, mo rí wọn.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Ẹ kú oríire, mà. Ọmọ àgbàtọ́ lèmi náà, mo ti pé 50. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀: ẹ tètè sọ fún un kí aládùúgbò tó sọ. Ìdí omi ẹ̀rọ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Èmi àtọmọ ilé kejì ń du ìlà, ìyá rẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ lọ wá ìyá tó bí mi kí n tó wá bá ọmọ òun du omi. Mo gbé korobá òfìfo wálé. Ìyá mi ń ro ọkà lọ́wọ́. Kò dáwọ́ dúró, torí á kókó. Ó rò ó tán, ó bu tèmi, ó jókòó tì mí, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n ti sọ fún wa bí wọ́n ṣe kó Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tó sì tún padà fojú kan ìyá rẹ̀ níbí ní 1846. Ọdún 25! Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ korobá yẹn, obìnrin yòówù tó bá tẹjú mọ́ mi lọ́jà Ìtòkú, mo máa ń rò pé òun ni. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì. N kò sọ ọ́ fún ìyá mi, àmọ́ àdúrà alẹ́ rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́kọ́ gbàdúrà fún “ẹni tó gbé e fóṣù mẹ́sàn-án”. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kàn rí i pé n kò wo ojú obìnrin kankan lọ́jà mọ́.

Ẹ fi ìwé kóòtù yẹn pamọ́ dáadáa o. Òfin kà á sí ọmọ bíbí nínú ogún. Èmi kò ní ìwé kankan nígbà tí bàbá mi kú. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Àṣàkẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ó ti mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni báyìí. Bí màámi ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún un: a ṣà ọ́ ni. Ká má purọ́, wẹ́fíà ló pè wá pé ọmọ kan wà, àwa kọ́ la ṣà á. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ó ń fi í yangàn fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ti gbàdúrà alẹ́ tán, mo ti paná. Ó ní, “Mọ́mì, àwọn tẹ́ ẹ ò ṣà ńkọ́?”

Mo tanná padà. Ó ní ṣé ẹlòmíì ti wá ṣà wọ́n. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ká tún kúnlẹ̀. Kò mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn, torí náà ó ń fi ìka kà wọ́n fún Ọlọ́run: ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Ìka rẹ̀ tán. Ó fa ọwọ́ mi mọ́ra, ó ń kà á lọ.