Ìyàwó tuntun wa ń jẹ́ Ndlovu, ẹ bá mi wá ìdí orúkọ náà

ỌmọÌkẹ́rẹ́

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa àwọn ará Gúúsù Áfíríkà dáadáa kó bá mi dá sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Johannesburg ti rí ìyàwó, wọ́n sì ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá káwọn àgbà lè fojú kan ọmọ náà. Ndlovu lorúkọ ìdílé ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe n'Ìkẹ́rẹ́ níbí, kí ìyàwó tó fẹsẹ̀ kan ilé wọ́n ti fẹ́ mọ ọmọ ta ni, agbo ilé wo ló ti wá, kí ni wọ́n ń kì wọ́n, màámi ò tiẹ̀ jẹ́ ká gbádùn mọ́, tí fóònù bá ti dún báyìí, "ẹ bá mi bi í kí loríkì wọn". Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ohun tóun mọ̀ ni pé erin ni wọ́n ń pè ní Ndlovu, ó parí síbẹ̀.

Ọkọ mi tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù wá ní dandan ni kó jẹ́ ẹbí Peter Ndlovu tó gbá bọ́ọ̀lù fún Coventry láyé ọjọ́sí. Ṣé ẹbí kan náà ni gbogbo wọn ni? Àwọn èèyàn ńlá wo ló tún ń jẹ́ ẹ? Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé kí la lè fi kí i tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ táá fi mọ̀ pé inú wa dùn sí i, nítorí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé ọwọ́ lásán la fi gbà á.

TíṣàAdó

Ẹ kú oríire o àǹtí, Ọlọ́run á jẹ́ kí àwa náà bá yín jẹ ẹ́. Hísítírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù.

Erin ni lóòótọ́. Indlovu ni èdè Zulu ń pe erin, tí wọ́n bá wá fi ṣe orúkọ èèyàn, i tó wà níwájú yẹn á bọ́ dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni inyathi tó jẹ́ ẹfọ̀n ṣe di Nyathi, ingwenya tó jẹ́ ọ̀nì di Ngwenya, inkomo tó jẹ́ màlúù di Nkomo, ẹ ó rántí Joshua Nkomo ti Zimbabwe. Tẹ́ ẹ bá rí Ndhlovu nínú ìwé àtijọ́, orúkọ kan náà ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nguni lorúkọ àpapọ̀ tí wọ́n ń pe Zulu, Xhosa, Swazi àti Ndebele, èdè wọn ò jìnnà síra wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìdílé lọ́dọ̀ wọn yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ wa níbí, orúkọ tí bàbá bàbá wa ń jẹ́ nígbà tó wọ sùkúù tàbí tó ṣèrìbọmi la kàn gbé kọ́rùn tá à ń pè ní súnéèmù. Tiwọn, tí wọ́n ń pè ní isibongo, ìran ló ń tọ́ka sí, orílẹ̀ tiwa ló jọ, bí a ṣe ní orílẹ̀ Erin, Ọ̀kín, Ọ̀pó, Ìkọ. Isibongo kọ̀ọ̀kan ló sì ní izithakazelo tiẹ̀, oríkì ìran, ohun tí màmá ń wá gan-an nìyẹn. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù fún Ndlovu láàárín àwọn Zulu ni Gatsheni. Wọ́n á tún ní Boya benyathi, irun ara ẹfọ̀n. Kò dìgbà ayẹyẹ kí wọ́n tó kì í o, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Tí ọmọ Ndlovu bá gbé omi fún yín mu, ẹ ó ní "Ngiyabonga, Gatsheni", ìyẹn ẹ ṣeun, Gatsheni, ẹ ó sì rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa tàn.

Ẹnìkan wà tí ẹ lè wá orúkọ rẹ̀ lórí Google, ọ̀jọ̀gbọ́n ni, Sabelo Ndlovu-Gatsheni, ọmọ Zimbabwe, ó ń kọ́ni ní yunifásítì Bayreuth ní Jámánì. Ìwé rẹ̀ pọ̀ lórí bí a ṣe máa yọ ọrùn Áfíríkà kúrò nínú àjàgà èrò àwọn amúnisìn. Ẹ wò ó bó ṣe so oríkì mọ́ orúkọ, tó fi ń rìn káàkiri àgbáyé.

Àyọ̀_Ìdó

Ẹ bá mi kí ọkọ yín o àǹtí, ẹni tó bá rántí Peter Ndlovu ti rí bọ́ọ̀lù láyé ẹ̀. Ọmọ Bulawayo ní Zimbabwe ni, wọ́n bí i lọ́dún 1973, Highlanders ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí Coventry tó wá mú un lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 1991, nígbà tí Premier League sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1992 ó wà níbẹ̀. Lóṣù Kẹta ọdún 1995 wọ́n lọ bá Liverpool ní Anfield, ó jẹ góòlù mẹ́ta, Coventry sì na Liverpool 3-2 nílé ara wọn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí àlejò kankan ti jẹ mẹ́ta ní Anfield nínú líìgì kí òun tó ṣe é! Bulawayo Bullet ni wọ́n ń pè é, torí ó ń sáré bí ọta ìbọn.

Òun náà ni kápúteenì nígbà tí Zimbabwe kọ́kọ́ lọ sí AFCON, ní Tunisia lọ́dún 2004, Adam ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nínú tíìmù náà pẹ̀lú rẹ̀. Madinda tóun náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn gbá bọ́ọ̀lù fún Highlanders, ó tún ṣe kóòṣì. Ohun tó dùn mí ni pé lóṣù Kejìlá ọdún 2012, Peter àti Adam wà nínú mọ́tò kan, ni wọ́n bá ní jàǹbá nítòsí Victoria Falls. Adam kú níbẹ̀, Peter fara pa gan-an. Nígbà tó yá, ó di mánéjà tíìmù ní Mamelodi Sundowns ti Gúúsù Áfíríkà, níbi tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún Adam. Bóyá ìyàwó yín tan mọ́ wọn tàbí kò tan, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ pé orúkọ náà tó ohun tí èèyàn ń yangàn sí.

ÈkìtìNíPretoria

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin ará ilé. Ìlú yìí ni mo ń gbé, àwọn Ndlovu wà níbi iṣẹ́ mi, wọ́n wà ládùúgbò, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ náà wọ́pọ̀ níbí gan-an. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí màmá tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní Gatsheni o.

Kì í ṣe ẹbí kan ni gbogbo Ndlovu. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Mzilikazi, ọmọ ìran Khumalo, kúrò lábẹ́ Ṣaka ọba Zulu ní nǹkan bí ọdún 1820 ó lé díẹ̀, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣí lọ ṣí bọ̀ títí wọ́n fi tẹ̀dó sí ìhà Bulawayo ní nǹkan bí ọdún 1840. Àwọn ni wọ́n wá di Ndebele ti Zimbabwe. Àmọ́ wọ́n bá àwọn èèyàn níbẹ̀, Shona, Kalanga àtàwọn mìíràn, àwọn yẹn náà sì ní ìran tiwọn, tí erin jẹ́ ti àwọn kan nínú wọn, Nzou tàbí Zhou ni wọ́n ń pè é lédè tiwọn. Nígbà tí wọ́n di ara ìjọba Ndebele, ọ̀pọ̀ nínú wọn yí i sí Ndlovu. Erin náà ni, àmọ́ ìran ọ̀tọ̀ ni, oríkì ọ̀tọ̀ ni. Àwọn Sotho àti Tswana ń jẹ́ Tlou, àwọn Venda ń jẹ́ Ndou, erin ni gbogbo rẹ̀.

Johannesburg sì rèé, àwọn ọmọ Zimbabwe pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n yín bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, níbo ni bàbá rẹ̀ ti wá, kí ni wọ́n sì ń kì wọ́n nílé. Kì í bí wọn nínú tí a bá béèrè, inú wọn á tiẹ̀ dùn. Ohun tó burú ni kéèyàn máa fi oríkì ìran kan kí ọmọ ìran mìíràn lójú gbogbo èèyàn.

Èkejì, tó bá délé ọkọ, orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ ò ní sọnù o. MaNdlovu ni wọ́n á máa pè é, Ma tí wọ́n fi síwájú yẹn ni ọ̀wọ̀, ọmọbìnrin Ndlovu. Ìyàwó ilé níbí, tó bá ti lọ́jọ́ lórí, kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nínú àwọn ìyàwó ọba Zulu tó wàjà lọ́dún 2021, Zwelithini, ọ̀kan wà tó jẹ́ MaNdlovu. Ndlovu kì í sì í fẹ́ Ndlovu tí oríkì wọn bá jọra, ẹbí ni wọ́n ka ara wọn sí kódà tí wọn ò mọra rí. Àwa náà kúkú ń wádìí kí ọmọ má lọ fẹ́ ẹbí ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pe dl yẹn náà ṣòro fún wa. Ẹ fi orí ahọ́n kan òkè lẹ́yìn eyín iwájú bí ẹni fẹ́ pe L, ẹ má gbé e kúrò, kí ẹ wá fi ohùn ti atẹ́gùn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Kì í ṣe "Ń-dí-lofu" o, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é. Ẹ jẹ́ kí màmá kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

ÌyáÌjerò

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Ẹ sọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù, ẹ sọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ò dárúkọ ọmọ kékeré kan tó yẹ kí gbogbo Áfíríkà mọ̀. Hastings Ndlovu. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà ọdún 1976, àwọn ọmọ iléèwé ní Soweto jáde sí títì, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa fi Afrikaans, èdè àwọn òyìnbó ibẹ̀, kọ́ àwọn. Ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn. Gbogbo ayé ló mọ Hector Pieterson, ọmọ ọdún méjìlá, nítorí pé Sam Nzima ya fọ́tò rẹ̀ níbi tí Mbuyisa Makhubo ti gbé e lọ́wọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń sáré tẹ̀ lé wọn. Àmọ́ Hastings náà ń bẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ọmọ ọdún márùndínlógún, àwọn tó rí i sì jẹ́rìí pé ìbọn ti bà á kó tó kan Hector. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò tiẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀. Abiyamọ ni mí, tí mo bá rántí pé nítorí èdè tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ nísirò ni, ara mi máa ń bù máṣọ.

Curnick Ndlovu náà wà, ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Durban, ó pẹ́ lẹ́wọ̀n ní Robben Island, nígbà tó jáde ó di alága UDF, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà apartheid fà á. Wọ́n ti sọ òpópónà ńlá kan lórúkọ rẹ̀ ní Durban.

Ẹ sọ fún màmá pé orúkọ ọba ni ọmọ yẹn ń jẹ́ o. Àwọn Zulu, tí wọ́n bá ń kí ọba wọn, "Wena weNdlovu" ni wọ́n ń ké, ìwọ ti Erin. Ìyá ọba ní Eswatini, Ndlovukati loyè rẹ̀, abo erin. Olú ìlú tí Dingane ọba Zulu kọ́, tí wọ́n sun kí àwọn òyìnbó Boer tó wọ̀ ọ́ lọ́dún 1838, uMgungundlovu ni, erin tó wà nínú orúkọ náà, ọba ni. Àwa náà kúkú ń sọ pé erin wó tí ọba bá wàjà.

ỌmọÌkẹ́rẹ́

Háà, ẹ ṣeun ṣeun, Ọlọ́run á dá yín lóhùn bí ẹ ṣe dá mi lóhùn. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún màámi, ìtàn Hastings yẹn pa á lẹ́kún.

Bí ẹ̀yin ará Pretoria ṣe wí ni mo ṣe o, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Ọmọ náà ní ará Bulawayo ni bàbá òun lóòótọ́, Nzou ni wọ́n ń jẹ́ kó tó di Ndlovu, Samanyanga ni wọ́n sì máa ń kì bàbá òun nílé, kì í ṣe Gatsheni. Ó ní kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ òun rí láti ọjọ́ tóun ti ń gbé Johannesburg. Wọn ò tan mọ́ Peter Ndlovu, ọkọ mi ti gbà, ṣùgbọ́n ó ṣì fẹ́ bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀ Coventry.

ÈkìtìNíPretoria

Háà, Samanyanga! Oríkì àwọn Nzou nìyẹn, ẹni tó ni ìwo, eyín erin ńlá yẹn ni wọ́n ń sọ. Ó dára gan-an pé ẹ béèrè. Kí màmá kì í báyìí: "Káàbọ̀ MaNdlovu, ọmọ Samanyanga", kó wá fi tiwa gbè é lẹ́sẹ̀, "ọmọ Àjànàkú tí í migbó kìjikìji". Tẹ́ ẹ bá sì ti délé àwọn àna yín ní Bulawayo nígbà ìdáná, bàbá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kì kó tó di pé ẹ sọ̀rọ̀ màlúù owó orí ìyàwó. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín wá mi rí kí wọ́n tó gbéra, ẹnu ọ̀nà Pretoria kò jìnnà sí Johannesburg, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ kí àgbà.